Ìrántí kọ̀ǹpútà di ọ̀wọ́n gógó: kí ni kí onísọ̀ ìtẹ̀wé rà?

Ẹni tó bá wọ ìsọ̀ ìtẹ̀wé ní Ikpinlè tàbí ní Adja-Ouèrè fúnra rẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ tó yege BAC ń forúkọ sílẹ̀ lórí apresmonbac.bj, yóò mọ ohun tí à ń pè ní sùúrù. Kọ̀ǹpútà náà kò bàjẹ́, ó kàn ń fà ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, 4 gígábáìtì péré ni ìrántí inú rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, oògùn rẹ̀ kò wọ́n: a ó ra ìrántí kan, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wa ń pè ní barrette, a ó fi kún un. Láti ìdajì kejì ọdún 2025, oògùn náà ti di ọ̀wọ́n.

Ọ̀nà jíjìn ni ọ̀wọ́n náà ti wá. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìrántí kọ̀ǹpútà lágbàáyé: Samsung àti SK Hynix ní Gúúsù Kòríà, àti Micron ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń kọ́ ilé ẹ̀rọ ńláńlá fún ọgbọ́n àtọwọ́dá ń ra irú ìrántí kan tó ń jẹ́ HBM, wọ́n sì ń san owó gidi. Ohun èlò tí a fi ṣe HBM lè ṣe ìrántí DDR5 tó tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Ta ni oníṣòwò yóò kọ́kọ́ dá lóhùn? Ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 2025, Micron kéde pé òun yóò jáwọ́ nínú Crucial, orúkọ tí ó fi ń ta ìrántí fún ará ìlú. Wọ́n sì ti ń dín DDR4, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ṣì ń lò, kù ṣáájú ìgbà náà.

Nítorí náà, kí a tó tú àpò, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ bóyá ìrántí gan-an ni àìsàn ẹ̀rọ náà. Ẹ ṣí gbogbo iṣẹ́ tí ẹ máa ń ṣe, kí ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀. Nínú Gestionnaire des tâches, ẹ lọ sí Performance, lẹ́yìn náà Mémoire. Bí ìlò rẹ̀ kò bá kọjá ìdajì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ díìsìkì àtijọ́ tó ń yí ló ń fà yín sẹ́yìn. SSD ni kí ẹ rà. Bí ó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ẹ wo « Emplacements utilisés »: « 1 sur 2 » túmọ̀ sí pé àyè kan ṣì ṣófo.

8 gígábáìtì tó fún ìwé títẹ̀ àti ìforúkọsílẹ̀. Èyí tó ń tan iná aláràbarà, ti àwọn eléré orí kọ̀ǹpútà ni. Bí ẹ̀rọ yín kò bá lè sáré tó o, ó kàn ń bá a rìn jẹ́jẹ́ ni.

DDR3, DDR4 àti DDR5 kì í wọ ihò kan náà, ti alágbèéká sì kúrú ju ti orí tábìlì. Ẹ yọ ti inú ẹ̀rọ, ẹ mú un dání lọ sọ́jà. Bí PC3L bá wà lára rẹ̀, ẹ má gba PC3 lásán: 1,35 fóltì ni ti àkọ́kọ́, 1,5 ni ti èkejì, ẹ̀rọ míì kì í sì í tàn pẹ̀lú rẹ̀.

Àlòkù kò burú, nítorí ìrántí kò ní ohun tó ń yí nínú tó lè gbó. Ṣùgbọ́n kí olùtajà fi í sínú ẹ̀rọ níwájú yín kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó rà á ní Ìkẹjà nítorí pé náírà rọ̀ ọ́ lọ́rùn, báwo ni yóò ṣe dá a padà láti Adja-Ouèrè?

Ó ku ọ̀rọ̀ Windows 10, tí Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ìrántí kò lè sọ ẹ̀rọ tí Windows 11 kọ̀ di èyí tó gbà: fún ti Intel, ìran kẹjọ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà. Fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àlòkù DDR3 kan àti Linux, tí a kì í rà, ni mo rò pé owó rẹ̀ mọ.