Kẹ̀kẹ́ Tí Mò Ń Sọ Kì Í Ṣe Màrúwá

Tí ẹ bá dúró ní Gárẹ́ẹ̀jì Ìkòròdú lónìí tí ẹ ní ẹ ń wá kẹ̀kẹ́, ohun tí wọ́n máa bi yín ni pé, "Ìgbógbó àbí Ìjẹ̀dẹ̀?" Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín. Kẹ̀kẹ́ ti di Màrúwá, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń mu epo. Èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní kẹ̀kẹ́, básíkùlù la ń pè é báyìí, tàbí kẹ̀kẹ́ ológeere lẹ́nu ẹni tó bá fẹ́ sọ Yorùbá tó jinlẹ̀. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí orúkọ. Nǹkan náà fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ gbèjà. Mo gbà pé kò sí ohun ìrìnnà tó bá ìrìn kúkúrú láàárín Ìkòròdú mu bíi tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó rà á tó sì pa á tì, kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n. Wọ́n ra èyí tí kò yẹ ni, tàbí kí wọ́n má mọ bí wọ́n ṣe máa tọ́jú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fẹnu kò lórí irú ìrìn tí à ń sọ. N ò ní kí ẹnikẹ́ni gun kẹ̀kẹ́ láti Ìkòròdú lọ sí CMS o. Láti ìgbà tí Gómìnà Akinwunmi Ambode ti ṣí ọ̀nà BRT láti Ìkòròdú dé Mile 12 ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, bọ́ọ̀sì ti ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ ní títì yẹn, àárín dánfó àti táńkà epo ló máa wà. Ẹ má fi ẹ̀mí yín dán an wò. Ìrìn tí mò ń sọ ni èyí tó ti ilé dé gárẹ́ẹ̀jì: kìlómítà 3, 4, 5. Ó jìn díẹ̀ fún ẹsẹ̀, ó sì kúrú jù fún iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa. Láti May 29, 2023, tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú wa ń rí nídìí owó ọkọ̀. Mo mọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ pé ìrìn kékeré yẹn, àárọ̀ àti alẹ́, ló ń jẹ owó wọn kí wọ́n tó wọ bọ́ọ̀sì ńlá rárá.

Ní ọdún 1973, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Oxford, S. S. Wilson, kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn Scientific American. Ó fi ẹranko, ẹyẹ, ẹja àti ẹ̀rọ wé ara wọn: agbára mélòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ná láti gbé gíráàmù kan rin kìlómítà kan? Èèyàn tó ń fẹsẹ̀ rìn ò burú, ṣùgbọ́n kò sí lókè. Èèyàn tó gun kẹ̀kẹ́ ló borí gbogbo wọn. Agbára tó ń ná fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ìdí ẹ̀ ò le: tí a bá ń rìn, ẹsẹ̀ wa ló ń ru ara, a sì ń gbé ara sókè díẹ̀ ní gbogbo ìṣísẹ̀. Lórí kẹ̀kẹ́, ìjókòó ló ru ẹ̀.

Òógùn ni ẹjọ́ tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bá mi rò. "Ṣé kí n wá fi òógùn wọ ọ́fíìsì ni?" Ìbéèrè gidi ni. Nínú agbára tí iṣan ara wa ń ná, bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló ń di iṣẹ́. Ìyókù ń di ooru, ooru náà sì gbọ́dọ̀ jáde. Ní Èkó, níbi tí ọ̀rinrin kún inú afẹ́fẹ́, òógùn kì í tètè gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo eré tí ẹ ń sá. Tí eré yín bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ta kò yín á di ìlọ́po mẹ́rin, iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ yín ń ṣe ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan láti borí afẹ́fẹ́ yẹn á sì di ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹni tó ń sá kìlómítà 25 ní wákàtí kan á dé bí ẹni tí òjò pa. Ẹni tó rọra ń lọ ní 12 tàbí 13, òógùn rẹ̀ lè má ju ti ẹni tó há sínú dánfó lọ. Kìlómítà 4 ní irú eré jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ogún ìṣẹ́jú ni. (Ẹ má tètè wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì tí ẹ bá dé o. Ìgbà tí ẹ bá dúró, tí atẹ́gùn ò fẹ́ yín mọ́, ni òógùn ń ya.)

Ó wá ku rírà. Tọ̀kunbọ̀ pọ̀ lọ́jà, tuntun náà wà, èyí tó ń dán yanranyanran, tó ní gíà 21 àti sípíríǹgì níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ sá fún elésípíríǹgì méjì yẹn. Sípíríǹgì olówó pọ́ọ́kú wúwo, ó sì ń jẹ lára agbára yín: bí ẹ ṣe ń tẹ pẹ́dàlì ni fírẹ́mù á máa fò sókè sódò. Gíà 21 ńkọ́? Ibo ni òkè náà wà ní Ìkòròdú? Gíà mẹ́fà tàbí méje ti tó, kódà ẹyọ kan tó fún ọ̀pọ̀ àdúgbò wa.

Ẹ mú òòfà dání lọ sọ́jà, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tí ẹ lè yọ lára sípíkà tó ti bàjẹ́. Ẹ gbé e mọ́ ríìmù. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Tí kò bá lẹ̀, alumíníọ́ọ̀mù ni, òun sì ni kí ẹ mú, pàápàá tó bá jẹ́ pé ríìmù ni rọ́bà búréékì ń di mú. Ríìmù irin tí wọ́n fi kúróòmù kùn máa ń yọ̀ gan-an tí omi bá kàn án. Ẹ máa tẹ búréékì, kẹ̀kẹ́ á ṣì máa lọ. Ẹni tó bá mọ òjò oṣù kẹfà ní ìlú yìí mọ ohun tí mò ń sọ.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í wò ni ẹnu túúbù, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Schrader ni ti mọ́tò àti ọ̀kadà. Presta tín-ín-rín, ó ní nọ́ọ̀tì kékeré lórí tí ẹ gbọ́dọ̀ tú kí ẹ tó fẹ́ ẹ. Ẹ̀kẹta ni Dunlop, tí wọ́n fi orúkọ John Boyd Dunlop pè, dókítà ẹranko ní Belfast tó ṣe táyà afẹ́fẹ́ fún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ ní 1887. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni kẹ̀kẹ́ ọmọ náà, ẹ ò rí i pé Màrúwá ò jìnnà sí wa! Tọ̀kunbọ̀ tó wá láti Japan tàbí Nẹ́dálándì sábà máa ń ní ti Dunlop, kẹ̀kẹ́ eré ìdárayá sì ń ní Presta. Ẹ̀rọ bọgánáísà wa, Schrader nìkan ló mọ̀. Mo gbọ́ ọ létí ara mi lẹ́bàá gárẹ́ẹ̀jì:

"Àbúrò, ẹnu ẹ̀rọ mi ò gba eléyìí o."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ ni mò ń lọ."

"Mo gbọ́. Tí mo bá fi tipátipá kì í bọ̀ ọ́, ó máa fọ́ ni. Lọ pààrọ̀ túúbù."

Òótọ́ ni bàbá náà sọ. Túúbù Schrader máa wọ ihò ríìmù tí Dunlop ti jáde láìsí wàhálà. Ihò Presta kéré sí i, ìyẹn gba ìyípadà kékeré oníbàbà tí wọ́n ń dé mọ́ ọn lórí. Ó kéré, kò sì wọ́n. Ẹ rà á kí ẹ tó nílò rẹ̀.

Tí ẹ bá wá dé ọ̀dọ̀ bọgánáísà, ẹ ní kó máa fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, kó sì máa wo gééjì. Inú túúbù kẹ̀kẹ́ kéré, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà mọ́tò lè bẹ́ ẹ ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Nọ́ńbà tó yẹ wà lára táyà náà. Kí ló dé tí nọ́ńbà yẹn fi ṣe pàtàkì? Tí táyà ẹ̀yìn bá ru kílò 50, tí gééjì sì ka 50, ibi tí táyà ti kan ilẹ̀ ò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 14 níbùú lóròó. Tí ẹ bá jẹ́ kó lọ sí 25, á di 28. Táyà tó tẹ́ pẹrẹsẹ bẹ́ẹ̀ ń fa ẹsẹ̀ yín sẹ́yìn, tó bá sì bọ́ sí kòtò, ríìmù á fún túúbù pa mọ́lẹ̀, á sì dá ihò méjì sí i lára lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ọ̀nà tiwa tó jẹ́ iyanrìn àti kòtò, táyà tó fẹ̀ bí ínǹṣì 1.75 sí 2 ló dára.

Ìjókòó: ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé ìjókòó sílẹ̀ jù, orúnkún ló sì ń jìyà ẹ̀. Àṣíborí, agogo, iná iwájú. Tí owó ò bá ká gbogbo rẹ̀, iná pupa ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.

Ṣéènì ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Ọ̀sà ò jìnnà sí wa, ọ̀rinrin àti iyọ̀ inú ẹ̀ sì ń mú irin tètè dípẹtà. Àwọn kan á wá bu epo ẹ́ńjìnnì dúdú tí mẹkáníìkì dà nù sí i. Ìdọ̀tí àti èérún irin ló wà nínú epo yẹn, bí ẹni fi yèpẹ̀ pa ṣéènì ni. Òróró ìdáná náà ò dáa, tó bá pẹ́ á ki, á máa lẹ̀ bí oje igi. Kẹrosíìnì díẹ̀ lára àkísà ni kí ẹ fi nù ún, kó gbẹ, kí ẹ wá kán epo máṣíìnì ìránṣọ sórí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán kan péré, kí ẹ sì nu ti òde kúrò. Epo inú ló ń ṣiṣẹ́, eruku ni ti òde ń kó jọ. Torí epo yìí ṣàn, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn òjò ńlá. Láti mọ̀ bóyá ṣéènì ti gbó, rúlà ọmọ ilé ìwé tó. Láti ìṣó kan sí èkejì jẹ́ ìdajì ínǹṣì, nítorí náà ínǹṣì 12 gbọ́dọ̀ bá àárín ìṣó mìíràn wẹ́kú. Tó bá fi ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ínǹṣì kọjá, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Tó bá ti di ìdá kan nínú mẹ́jọ, ó ti jẹ eyín gíà, owó méjì lẹ máa san.

Àwọn kan á ní kẹ̀kẹ́ ò bá ọlá mu. Ẹ bi àwọn ìyá yín àgbà ẹni tó ń gun Raleigh láyé ìjọ́sí: tíṣà, kátíkíìsì, oníṣòwò kòkó. Ipò kẹ̀kẹ́ láwùjọ ti yí padà rí, ó lè tún yí padà. Ní Nẹ́dálándì, ní ọdún 1971 nìkan, nǹkan bí èèyàn 3,300 ló kú lójú pópó, àwọn ọmọdé sì ju 400 lọ nínú wọn. Àwọn òbí fárí gá, epo tún wọ́n ní 1973, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Tí ẹ bá ní òyìnbó nìyẹn, Ouagadougou ní Bùrkínà Fasò ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ méjì lọ́tọ̀ lẹ́bàá àwọn títì ńlá rẹ̀. Ìjọba Èkó náà ti gbé ìlànà jáde ní 2018 lórí ìrìnnà tí kò lo ẹ́ńjìnnì. Ìwé wà nílẹ̀, ọ̀nà ni a ò tíì rí.

Ṣùgbọ́n kí ọ̀nà tó dé, ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró de bílíọ̀nù owó: ibi tí a máa so kẹ̀kẹ́ mọ́ ní ibùdókọ̀ BRT Ìkòròdú. Kí ni àǹfààní kí n gun kẹ̀kẹ́ dé gárẹ́ẹ̀jì tí n ò bá ní ibi tí mo lè fi í sí dìrọ̀lẹ́? Páìpù irin tí wọ́n tẹ̀ bí ilẹ̀kùn, tí wọ́n rì mọ́ kọnkéré, ní itòsí ibi tí àwọn èèyàn ti ń tẹ káàdì Cowry, níbi tí ojú kì í kúrò. Ibi tí ọkọ̀ kan ń gbà, kẹ̀kẹ́ mẹ́wàá á dúró síbẹ̀. Wẹ́dà kan lè parí ẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Àwa tó ń gùn ún á mú ṣéènì àti kọ́kọ́rọ́ tiwa wá, a ó sì so fírẹ́mù mọ́ páìpù, kì í ṣe táyà iwájú nìkan, torí táyà iwájú nìkan lẹ máa bá níbẹ̀ tí ẹ bá dé.