Ọ̀pá Gáàsì Warri Kò Lè Fo Niger Kọjá

Lọ́jọ́ kẹta oṣù Keje ọdún 2009, Nàìjíríà, Niger àti Algeria fọwọ́ sí ìwé àdéhùn l'Ábùjá pé àwọn yóò ri ọ̀pá gáàsì mọ́lẹ̀ láti Warri, gba aṣálẹ̀ Sàhárà, títí dé Hassi R'Mel ní Algeria, kí gáàsì lè ti ibẹ̀ dé Yúróòpù. Ọ̀nà náà lé ní 4,000 kìlómítà. Ó lé ní 800 nínú rẹ̀ tó máa gba ilẹ̀ Niger. Títí di òní, gáàsì kankan ò tíì gba ibẹ̀ kọjá.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ará Warri ka ọ̀rọ̀ Niger àti ECOWAS sí wàhálà àwọn ará Òkè Ọya nìkan. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kínní ọdún 2025 ni Niger, Mali àti Burkina Faso jáde pátápátá nínú àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 1975. Mauritania ti kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2000, ṣùgbọ́n òun ò bá Nàìjíríà pààlà. Niger bá ìpínlẹ̀ méje pààlà, láti Kebbi títí dé Borno.

Ìbínú ni Nàìjíríà fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum ní oṣù Keje ọdún 2023, Àbújá ti ibodè pa, ó sì já iná mànàmáná tó ń tà fún Niger. Bazoum ò padà sórí àlééfà. Àwọn tó jẹ̀yà rẹ̀ ni oníṣòwò Jíbíyà àti Ìllélà tó ń kó ẹ̀wà, àlùbọ́sà àti màlúù wọlé, kí Ààrẹ Tinubu tó ní kí wọ́n ṣí ibodè ní oṣù Kẹta ọdún 2024. Ọ̀rọ̀ iná yẹn tilẹ̀ léwu: omi Odò Ọya tó ń yí ẹ̀rọ Kainji, ilẹ̀ Niger ló ń gbà kó tó dé Nàìjíríà.

Ireland ò ṣe báyẹn. Nígbà tí àwọn ará Bìrìtéènì dìbò lọ́dún 2016 pé àwọn yóò kúrò nínú àjọ ilẹ̀ Yúróòpù, Ireland ò fi gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún àjọ náà. Ó bá aládùúgbò rẹ̀ jókòó. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, kí Bìrìtéènì tó jáde rárá, wọ́n ti fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè máa gbé, kó sì máa ṣiṣẹ́ ní èkejì bíi ti tẹ́lẹ̀.

Nàìjíríà ò ní láti wá ibi ìjókòó tuntun. Àjọ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ Nàìjíríà àti Niger ti wà láti ọdún 1971, Niamey ni olú ilé rẹ̀ wà, ó sì fi ọdún mẹ́rin ju ECOWAS lọ. Iṣẹ́ pọ̀ níwájú rẹ̀. ECOWAS ṣì ń gba páàsìpọ́ọ̀tù àwọn ará Niger, Mali àti Burkina Faso, ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀ ni. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bu owó ibodè ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún lé ọjà tó ń ti ìta wọlé. Oṣù yẹn kan náà ni Niger yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ọmọ ogun àpapọ̀ tó ń bá Boko Haram jà lágbègbè Adágún Chad.

Yusuf Tuggar, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, lọ sí Niamey ní oṣù Kẹrin tó tẹ̀ lé e. Ó ṣe dáadáa. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu kì í gba oníṣòwò tí wọ́n dá dúró ní Jíbíyà. Ìwé ni yóò nà sí wọn.

Owó ńlá ti lọ sórí ọ̀pá gáàsì Àjàòkúta sí Kánò, tó jẹ́ ara ọ̀nà tí gáàsì Warri máa gbà. Kí àwọn aṣojú Delta nílé aṣòfin l'Ábùjá bèèrè àdéhùn tuntun tí ìjọba bá Niger ṣe, kí wọ́n tó buwọ́ lu kọ́bọ̀ mìíràn.