Mítà 200 Àkọ́kọ́ Ni Ó Ń Tan Asáré Jẹ

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù tó kọjá, ìyá mi pè mí lórí fóònù, ohùn wọn sì le. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 19 tí ó ń sá eré mítà 800 fún yunifásítì rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdíje kan ni. Ipò kẹfà ni ó gbà. Kò tíì tó ogún ìṣẹ́jú tí ó parí eré tí kóòṣì rẹ̀ fi ní kí ó padà sórí pápá, kí ó tún sá mítà 200 lẹ́ẹ̀mẹ́fà.

"Ṣé wọ́n fẹ́ pa ọmọ náà fún mi ni? Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bá ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀!"

Inú bí èmi náà. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, èmi ni mo gbẹ́yìn nínú eré mítà 800, olùkọ́ wa sì ní kí n yí pápá po lẹ́ẹ̀márùn-ún níṣojú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Ojú tì mí. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti bá ẹnikẹ́ni sáré ìdíje mọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó pe kóòṣì, mo kọ́kọ́ pe àbúrò mi, mo bi í bóyá ìyà ni wọ́n fi jẹ ẹ́.

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n ka iye tí mo sá fún yín."

Ìṣẹ́jú-àáyá 29 ni ó fi sá mítà 200 àkọ́kọ́, ó fi 34 sá èkejì, ó fi 36 sá ẹ̀kẹta, ó sì fi 41 wọ́ ara rẹ̀ dé òpin. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 20. Bí a bá pín in sí mẹ́rin, 35 ni ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, 35 ni kóòṣì ní kí ó fi sá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí ó sì máa rìn fún ìṣẹ́jú méjì láàárín wọn.

Ó ní, "Kóòṣì fẹ́ kí ẹsẹ̀ mi mọ bí 35 ṣe rí, kí n má baà gbé 29 lọ sùn."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo ronú sí gbólóhùn yẹn fún ìgbà pípẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ eré a máa tan ènìyàn jẹ, nítorí agbára tí ó ti wà nínú iṣan ni ara kọ́kọ́ ń ná, èémí kò sì tíì bá ẹsẹ̀ dọ́gba. Kò sí ibi tí ó ń dunni. Ìgbà tí ìnira bá fi dé, gbèsè ti wọlé.

Àwọn ògbóǹtarìgì pàápàá ń kó sí pàkúté yìí. Nínú àṣekágbá eré mítà 1500 àwọn obìnrin ní Òlíńpíìkì Paris, ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, Gudaf Tsegay ti Etiópíà bọ́ síwájú, kò sì pé ìṣẹ́jú kan tí ó fi sá mítà 400 àkọ́kọ́. Kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì: òun ni ó ni àkọsílẹ̀ àgbáyé eré mítà 5000 nígbà náà. Síbẹ̀, kò rí àmì-ẹ̀yẹ kankan gbà. Faith Kipyegon ti Kẹ́ńyà, ìyá ọlọ́mọ kan, ní sùúrù títí ó fi kan yípo ìkẹyìn. Ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 51.29 ni ó fi gba wúrà Òlíńpíìkì rẹ̀ kẹta nínú eré náà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025, Kipyegon kan náà gbìyànjú ní Paris láti sá máìlì kan láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin, ohun tí obìnrin kankan kò tíì ṣe rí. Asáré 13 ni wọ́n tò síwájú àti sẹ́yìn rẹ̀ láti dí afẹ́fẹ́ fún un, kí ìṣísẹ̀ rẹ̀ má sì yẹ̀. Ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 6 àti díẹ̀ ni ó sá. Ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ ohun tí ó ń lé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà, ó fi ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 48.68 gbé àkọsílẹ̀ àgbáyé ti mítà 1500 tuntun kalẹ̀. Eré tí kò bọ́ sí i kọ́ ni òpin iṣẹ́.

Ìdí mìíràn tún wà tí àwọn kóòṣì fi ń fi iṣẹ́ kún ìdíje. Eré ìṣẹ́jú méjì kéré lójú ara tí ó ti mọ iṣẹ́ líle, ṣùgbọ́n ìrìn-àjò àti ìsinmi tí ó yí i ká lè gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ asáré. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ náà ni ó ń dí àlàfo yẹn. Àmọ́ bí àṣekágbá bá kù sí ọ̀la, eré wọ́ọ́rọ́wọ́ láti tu ara lára ti tó. Ẹni tí ibì kan ń dùn kò gbọdọ̀ dán an wò, bẹ́ẹ̀ ni ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tí kò jẹun tó, tí nǹkan oṣù rẹ̀ sì dáwọ́ dúró, dókítà ni kí ó lọ rí, kì í ṣe pápá.

Mo pe ìyá mi padà. Mo ní, "Màmá, ẹ fi kóòṣì sílẹ̀. Ẹ kàn bá mi bi í bóyá ó ti jẹun."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n sọ fún un pé kí ó má fi 29 bẹ̀rẹ̀ mọ́."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n olùkọ́ mi àtijọ́ ni mo fi sùn lọ́kàn. Ó ní kí n yí pápá po lẹ́ẹ̀márùn-ún, kò sì sọ iye tí mo sá fún mi, kò sọ ibi tí mo ti ná agbára mi tán. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ padà sórí pápá lẹ́yìn tí ẹ kùnà, ẹ bi í ní ìdí rẹ̀. Bí ó bá rí i sọ, ẹ̀kọ́ ni. Bí kò bá rí i sọ, ìyà ni.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.