Àwọn Tó Sọ Ìwé-Ẹ̀rí Wa Di Odi

Ẹ̀jẹ̀ ríru tí nọ́ọ̀sì ń wọ̀n ní Abẹ́òkúta kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń wọ̀n ní Manchester. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta bá ti kọjá ibodè, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ á yadi. Kò yadi fúnra rẹ̀. Àwọn kan ló dí i lẹ́nu, wọ́n sì ń rí èrè níbẹ̀. Àwọn ni mo pè lẹ́jọ́. Ilé ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, torí ilé ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ jù.

Ẹ̀sùn kìíní: àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà. Bí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lókè òkun, àjọ nọ́ọ̀sì ibẹ̀ á fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àjọ yìí pé: ṣé ẹ mọ ẹni yìí, ṣé láísẹ́ǹsì rẹ̀ ṣì múlẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 2024, àjọ náà gbé ìlànà jáde pé ẹni tó bá ń fẹ́ ìdáhùn yìí gbọ́dọ̀ ti fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tó gba láísẹ́ǹsì. Pé ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ àti ilé ẹ̀kọ́ tó lọ kẹ́yìn gbọ́dọ̀ kọ̀wé jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀. Àti pé ìdáhùn á gba oṣù mẹ́fà, ó kéré tán. Ẹ gbọ́ "ó kéré tán" yẹn dáadáa. Ilé iṣẹ́ mìíràn a máa ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ kò ní pẹ́ ju báyìí lọ. Tiwọn ṣèlérí pé kò ní yá ju báyìí lọ. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn nọ́ọ̀sì fi tú síta l'Ábújá àti l'Ékòó.

Mo mọ àwíjàre wọn: wọ́n ní ilé ìwòsàn ń ṣófo. Ẹni tó bá ti sùn ní wọ́ọ̀dù ìjọba rí mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó oṣù tí kò tó jẹ ló ń lé nọ́ọ̀sì lọ, kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí. Ẹlẹ́rìí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti panu mọ́ ní kóòtù nítorí pé kò fẹ́ kí olùpẹjọ́ kó kúrò ládùúgbò. Ìwé ọ̀gá yẹn ló sì burú jù: ẹni tí òṣìṣẹ́ fẹ́ fi sílẹ̀ ni wọ́n ní kó pinnu bóyá òṣìṣẹ́ lè lọ.

Ẹ̀sùn kejì: àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa, lórí ọ̀rọ̀ transcript, àkọsílẹ̀ máàkì ọmọ. Ọmọ ti sanwó. Wọ́n ní fáìlì sọnù, wọ́n ní ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ ìsinmi. Àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé fún Amẹ́ríkà àti Kánádà, bíi WES, kì í gbà á lọ́wọ́ ọmọ fúnra rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ló gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́. Akọ̀wé tó bá mọ èyí mọ iye tí òun lè béèrè. Mi ò dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ kankan. Kálukú mọ tirẹ̀.

Ẹ̀sùn kẹta: ìjọba Britain. Èdè wọn ni wọ́n fi jọba lé wa lórí, òun náà la fi ń ṣe WAEC. Síbẹ̀, nínú àkọsílẹ̀ wọn nípa àwọn ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, Málítà wà níbẹ̀, kò sí ilẹ̀ Áfíríkà kankan. Ẹni tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì á wá sanwó ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì IELTS, tàbí kó sanwó fún ẹni tí yóò bá a jẹ́rìí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Lẹ́yìn ọdún méjì, èsì IELTS náà kò wúlò mọ́, bí ẹni pé Gẹ̀ẹ́sì ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ní oṣù kejì 2023, England ṣílẹ̀kùn fún ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ láti Nàìjíríà, Ghana, Jàmáíkà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn. Mo kí wọn. Ṣùgbọ́n ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa. Olùkọ́ ìtàn láti Amẹ́ríkà lè wọlé, olùkọ́ ìtàn láti Ìbàdàn dúró síta. Kí wọ́n ṣàlàyé ìyẹn.

Ẹ̀sùn kẹrin: àwọn ìjọba ECOWAS. Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà àti Kétu ní Benin, ẹbí ni wọ́n. Ọmọ Ìmẹ̀kọ ṣe WAEC, ọmọ Kétu ṣe báàkì, ìdánwò àwọn elédè Faransé, ìwé ọ̀kan kò yé ilé iṣẹ́ èkejì. Ní oṣù kìíní 2003, àwọn olórí wa fọwọ́ sí àdéhùn ní Dakar pé àwọn á máa gba ìwé-ẹ̀rí ara wọn. Ní ìparí 2023, akọ̀ròyìn kan fi hàn pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lòun fi gba dìgírì ní Kùtọ̀nu, NYSC pàápàá sì gbà á wọlé. Ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní 2024, Àbújá dá àyẹ̀wò gbogbo dìgírì láti Benin àti Tógò dúró. Olè ni kí wọ́n mú, gbogbo àdúgbò ni wọ́n tì mọ́lé. Ọmọ tó fi ọdún gbáko-gbáko jókòó ní kíláàsì ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ńkọ́? Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ayédèrú ń gba iwájú wọn kọjá ńkọ́?

Ẹ̀sùn karùn-ún kan àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́. Lọ́jọ́ fíríìdọ̀mù, ẹ gbàdúrà lé ọmọ lórí, ẹ jó, ẹ fún un ní sátífíkéètì ńlá tó ní fọ́tò. Ẹ kò kọ ohun tí ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe sára rẹ̀. Tírédì tẹ́ẹ̀sì wà ní ilé iṣẹ́ ìjọba fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, àjọ NBTE náà ní ìlànà tó ń to ìmọ̀ iṣẹ́ ní ìpele-ìpele. Ẹ̀yin mélòó lẹ sọ fún ọmọ iṣẹ́ yín?

Mi ò ní kí wọ́n má yẹ ìwé wò. Mi ò fẹ́ kí ayédèrú nọ́ọ̀sì gún ìyá ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́, ì báà jẹ́ níbí tàbí lọ́hùn-ún. Ohun tí mo ń tọrọ ni pé kí àjọ nọ́ọ̀sì dáhùn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n dá owó padà; kí wọ́n fa ìwé ọ̀gá ya; kí Àbújá yẹ ìwé àwọn ọmọ Àjàṣẹ́ wò lórúkọ-lórúkọ; kí ọ̀gá télọ̀ sì kọ ọ́ sára sátífíkéètì bóyá ọmọ náà lè gé kóòtù, tàbí bùbá nìkan ló mọ̀ ọ́n rán.