Ǹjẹ́ Ìbàjẹ́ Ni Títún Róbọ́ọ̀tì Ìṣeré Kùn?

Ní ọdún 1984, ilé-iṣẹ́ Hasbro ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí ta àwọn róbọ́ọ̀tì ìṣeré kan tí wọ́n pè ní Transformers. Ilé-iṣẹ́ Takara ti ilẹ̀ Japan ni ó kọ́kọ́ ṣe púpọ̀ nínú wọn. Bí a bá ká apá àti ẹsẹ̀ róbọ́ọ̀tì náà kò, yóò di ọkọ̀ tàbí bàálù. Àwọn kan, lọ́mọdé lágbà, a máa tún un kùn ní àwọ̀ tí ó wù wọ́n.

Àwọn mìíràn ní ìbàjẹ́ ni èyí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò kun róbọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ó ṣe ń yí padà. Yóò tú u, yóò sì fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, nítorí ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ ibi tí òróró bá wà. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni yóò kùn ún, yóò jẹ́ kí ó gbẹ kí ó tó tún un kùn. Bí ọ̀dà bá ki jù ní oríkèé, róbọ́ọ̀tì kò ní lè ká dáadáa mọ́. Bí a bá fi ipá ká a, ọ̀dà yóò bó. Àwọn àgbà ní: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ohun kan ni ó burú: kí ènìyàn tún róbọ́ọ̀tì kùn, kí ó sì tà á bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá. Ẹ̀tàn nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, kí ni èrò tiyín?