Ojú Sánmà La Gùn, Ilé La Ń Wò

Bí ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò sí òfuurufú bá ti dé etí wa, ìbéèrè kan kì í pẹ́ jẹyọ: nígbà tí ebi ń pa ará ilé, kí ni ènìyàn ń wá lọ sí ojú ọ̀run? Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ìbéèrè tó tọ́ ni. Owó tí a fi ń rán ẹ̀rọ lọ sókè tó ohun tí a lè fi gbẹ́ kànga tàbí kí á fi kọ́ ilé ìwé. Nítorí náà, ó yẹ kí á mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń mú bọ̀ wálé.

Ìdíje ló kọ́kọ́ gbé ọmọ ènìyàn débẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1957, ìjọba Soviet fi Sputnik ránṣẹ́ sókè. Kò pé oṣù mẹ́rin tí Amẹ́ríkà náà fi rán tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1960, sátẹ́láìtì tí wọ́n ń pè ní TIROS-1 kọjú sí ilé ayé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ìkùukùu.

Àwọn baba wa ní ohun tí àgbà rí níjòkòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Òótọ́ ni, àmọ́ òjò tó ń ṣú lọ́nà jíjìn kò sí lára ohun tí à ń jókòó rí. Lónìí, sátẹ́láìtì Meteosat ti àwọn ará Yúróòpù wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà lókè òkun tó wà ní gúúsù Gánà. Kì í ju ìṣẹ́jú 15 lọ kí ó tó tún ya àwòrán ìkùukùu ilẹ̀ Áfíríkà.

Nàìjíríà náà kò gbẹ́yìn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, NigeriaSat-1 gbéra láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Nígbà tí ìjì Katrina jà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005, ó wà lára àwọn tó ya àwòrán ibi tí omi bò.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á padà wálé. Àwọn àgbà Ìbàdàn kò gbàgbé omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, NigeriaSat-2 gòkè lọ, ẹ̀rọ tó lè fi ohun tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà 2.5 lọ hàn lórí ilẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn náà, omi tún ya wọ Ìbàdàn. Ẹ̀mí tó lé ní 100 ló bá a lọ.

Ẹ̀rọ náà kò jẹ̀bi. Ó lè fi ilé tí a kọ́ sí ojú ọ̀nà odò hàn wá, ṣùgbọ́n kò lè kó ẹnikẹ́ni kúrò níbẹ̀. Àwòrán tó bá dé ọ́fíìsì tí kò dé agboolé, òfò ni.

Nítorí náà, ẹ bi àwọn aláṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ yín léèrè àwọn àdúgbò tí omi lè yà wọ̀. Bí ìkìlọ̀ òjò bá jáde lórí rédíò, ẹ sọ fún aládùúgbò tí kò gbọ́, pàápàá arúgbó àti abiyamọ tó ń gbé létí odò. Ìgbà náà ni owó tí a ná sí ojú ọ̀run yóò tó padà wálé.