Ọlọ́wọ́ Ọ̀tún, Ọlọ́wọ́ Òsì: Èwo Ni Ọmọ Yín?

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Nínú ilé Yorùbá, bí ọmọ kékeré bá na ọwọ́ òsì gba àkàrà lọ́wọ́ ìyá àgbà, ìyá àgbà yóò dá àkàrà náà dúró, yóò sì bi í pé, "Ọwọ́ ọ̀tún dà?" Ẹ̀kọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan náà bá dé ilé ìwé, tí ó fi ọwọ́ òsì mú pẹ́ńsù, ìkìlọ̀ yìí náà ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti òbí máa ń fún un, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹgba. Ibẹ̀ ni a ti ń da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ mọ́ra wọn.

Èkíní jẹ́ ti ọ̀wọ̀. Nínú oyè jíjẹ, Ọ̀tún ló ń ṣáájú Òsì; ní Ìbàdàn, Ọ̀tún Olúbàdàn ga ju Òsì Olúbàdàn lọ, Ọ̀tún Balógun sì ga ju Òsì Balógun lọ. Ẹni tí ọ̀gá gbẹ́kẹ̀ lé, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni à ń pè é. Àwọn àgbà sì ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ọwọ́ òsì ni a yà sọ́tọ̀ fún ìwẹ̀nù lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, a sì fi ọ̀tún sílẹ̀ fún oúnjẹ, fún fífúnni àti fún gbígbà. Ìmọ́tótó ló di ìwà ọmọlúàbí.

Èkejì jẹ́ ti ara. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ já fáfá ju ti òsì lọ nínú iṣẹ́ tó gba ọgbọ́n ọwọ́: ìwé kíkọ, aṣọ rírán, ilá rírẹ́, òkò jíjù. Nínú ènìyàn 10 káàkiri ayé, bí 9 ló rí bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ ló ń darí rẹ̀: apá òsì ọpọlọ ló ń pàṣẹ fún ọwọ́ ọ̀tún, apá ọ̀tún ló sì ń pàṣẹ fún ọwọ́ òsì. Nítorí náà, ọmọ tó ń lo òsì kò ya olóríkunkun, kò sì gbé àmì ibi kankan wá sáyé. Barack Obama tó ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà, ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé.

Ọlọ́wọ́ ọ̀tún kì í sábà kíyè sí ọwọ́ ara rẹ̀, nítorí pé òun ni a ṣe ohun èlò fún. Ẹ wo àlùmọ́gàjí. Bí ó bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìka a máa ti abẹ rẹ̀ méjèèjì mọ́ra. Bí a bá gbé e sọ́wọ́ òsì, ìka a máa tì wọ́n kúrò lára ara wọn, aṣọ a sì ká sáàárín dípò kí ó gé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé kíkọ. Láti òsì sí ọ̀tún ni à ń kọ ọ́, nítorí náà ọwọ́ òsì ń gba orí yíǹkì tútù kọjá. Olùkọ́ a wá bá ọmọ wí pé ìwé rẹ̀ dọ̀tí.

Kí ni kí òbí ṣe? Ẹ kọ́ ọmọ yín kí ó máa fi ọwọ́ ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, kí ó sì máa fi fún ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó fi ọwọ́ tó yá a jù kọ̀wé. Ọmọ tó gbọ́n tó láti kọ́ a, b, d gbọ́n tó láti mọ ìyàtọ̀ méjèèjì. Ẹ bẹ olùkọ́ kí ó fi í jókòó sí ìpẹ̀kun òsì àga, kí ìgbọ̀nwọ́ òun àti ti ẹnìkejì má baà máa kọlu ara wọn. Kí ó gbé ìwé sí apá òsì díẹ̀, kí orí ìwé náà yí sí ọ̀tún, kí ó sì di pẹ́ńsù mú sókè díẹ̀ kí ó lè máa rí ohun tó ń kọ.

Ẹ má sì kánjú sọ irú ọwọ́ tí ọmọ ní. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń pààrọ̀ ọwọ́ títí wọn yóò fi tó ọmọ ọdún 3 tàbí 4. Àmọ́ ohun kan wà tí kò yẹ kí a fojú fò dá: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 yẹ kí ó máa lo ọwọ́ méjèèjì. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń lo ẹyọ kan ṣoṣo, tí ó ń ká èkejì mọ́ra tàbí tí èkejì dà bí ẹni pé kò lágbára, ì báà jẹ́ ọ̀tún ló ń lò, ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́wọ́ ọ̀tún tàbí ọlọ́wọ́ òsì mọ́. Ó lè jẹ́ àìlera tó ń fẹ́ ìtọ́jú kíákíá.

Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.